Ẹsẹ̀ kan, àmì oríṣi mẹ́ta: ọ̀rọ̀ ọmọ ẹlẹ́ja kan ní Ẹ̀pẹ́

Ọmọ ọdún 26 ni ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ọjà Olúwo ni òun àti ìyá rẹ̀ ti ń ta ẹja tútù. Ó gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwa tí à ń ta oògùn àti àwọn tí ń tọ́jú awọ ara, bí n kò bá ṣáà ti dárúkọ òun. Ìpara "tó lágbára, tó máa pa àpá rẹ́ kíá" ló bá wá sí ilé oògùn wa. Kò tilẹ̀ fẹ́ jókòó. Owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti mọ orúkọ èyí tó fẹ́ rà, torí ẹni tí wọ́n jọ ń pàtẹ ti júwe rẹ̀ fún un.

Aṣọ tó wọ̀ wọ́lẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti wọ síkẹ́ẹ̀tì tó mọ ní orúnkún gbẹ̀yìn, pé bí aṣọ ẹbí bá dé, òun á bẹ télọ̀ kó jẹ́ kó gùn. Mo ní kó jẹ́ kí n wo ẹsẹ̀ náà ná. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo àwọn tó ń rajà lọ́wọ́, mo bá mú un wọ yàrá kékeré tí a ti ń wọn ìfúnpá.

N kì í ta ìpara àpá fún ẹni tí n kò bá rí àpá rẹ̀. Ohun tí oníbàárà ń pè ní àpá lè jẹ́ egbò tó jinná tó sì le kókó sókè, ó lè jẹ́ kòtò tí eéwo gbẹ́ sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ awọ tó dán bó ṣe wà láti ọjọ́ pípẹ́ àmọ́ tó kàn dúdú. Kò sí ìpara kan tó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn. Èyí tó kàn dúdú yẹn ló wọ́pọ̀ jù lára àwa aláwọ̀ dúdú. Ohunkóhun tó bá dá awọ ara lóró, ìbáà jẹ́ kòkòrò ló jẹ ẹ́, ìbáà jẹ́ iná tàbí èékánná, ló lè mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè àwọ̀ ara, èyí tí wọ́n ń pè ní melanin, pèsè rẹ̀ ní àpọ̀jù. Bí àwọ̀ náà bá dúró sí òkè awọ, oṣù mélòó kan á mú un lọ. Bó bá jìn wọ ìsàlẹ̀, ojú àmì náà á máa ṣe bí aró, ó sì lè lo ọdún púpọ̀ kó tó kúrò. Ti ẹsẹ̀ sì máa ń pẹ́ ju ti ojú lọ.

Nígbà tó ká aṣọ sókè, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni àmì róbótó-róbótó ní ojúgun méjèèjì, kéékèèké, òmíràn ti dúdú kirikiri, òmíràn ṣì ní èépá tútù lórí. Ibi tí ìró tó máa ń ró lọ́jà mọ ni àmì náà pin sí. Lókè orúnkún, kò sí ẹyọ kan. Mo ní kó yí ẹ̀gbẹ́. Níbẹ̀ ni mo ti rí ìlà dúdú tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ orúnkún tó sì lọ tààrà dé kókósẹ̀, mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí ó fẹjú lókè tó wá tín-ín-rín nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí epo ṣe ń ṣàn lára kèǹgbè. Mo ní kó kẹ̀yìn sí mi. Awọ ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, irú ìlà tó máa ń ya sí ikùn aboyún ti ya síbẹ̀, ojú ibi kan tó gbòòrò tó àtẹ́lẹwọ́ sì pọ́n díẹ̀ láì ní etí kan tó ṣe kedere. Ó ní ibẹ̀ yẹn ló ń yún òun jù lóru.

Mo fi òwú tó fúyẹ́ kan àwọn ojú àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kó dijú kó máa wí nígbàkigbà tó bá mọ̀ ọ́n lára. Ó mọ gbogbo rẹ̀. Kí ẹ má fojú kéré ìdánwò òwú yìí o. Àmì tó wà lára tí ara ibẹ̀ kò mọ nǹkan kan mọ́, ẹ̀tẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ rò sí i. Oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń fúnni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ìpara bò ó mọ́lẹ̀ lè pàdánù ìka kó tó mọ ohun tó ń ṣe òun.

"Kí lo ti fi pa á?"

"Kò sí nǹkan kan, Dókítà. Ọṣẹ dúdú lásán ni."

Gbogbo wa la mọ ìdáhùn yìí. N kò bá a jiyàn, n kò sì ta nǹkan kan fún un yàtọ̀ sí ìpara òrí. Mo ní kó lọ kó gbogbo ohun tó ń kan ara rẹ̀ wá nínú ọ̀rá kan: ọṣẹ, ìpara, kànhìnkànhìn, àti ohun tí ẹlòmíràn yá a lò.

Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ padà wá. Ohun tó wà nínú ọ̀rá náà ju ọṣẹ dúdú lọ. Túùbù kan wà níbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn ìpara tí wọ́n ti po oògùn làpálàpá, oògùn kòkòrò àìrí àti sítẹ́rọ́ìdì, ìyẹn oògùn tó ń pa pípọ́n àti yíyún mọ́ra, pọ̀ sójú kan. Ti òun, clobetasol ni sítẹ́rọ́ìdì inú rẹ̀. Ike kan tún wà tí kò ní orúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tí òórùn dídùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá. Obìnrin kan ló ń pò ó nílé, ó sì ń tà á fún àwọn tó fẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn "mọ́". Ó ti ju ọdún kan lọ tó ti ń fi túùbù yẹn pa ẹsẹ̀ láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Clobetasol wà lára àwọn sítẹ́rọ́ìdì ìpara tó lágbára jù lọ. Ìlànà lílò rẹ̀ ni pé kí ènìyàn má lò ó kọjá ọ̀sẹ̀ 2 láì dá a dúró, kó má sì ju gíráàmù 50 lọ lọ́sẹ̀ kan. Òun ló sọ awọ ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ di fẹ́lẹ́, tó sì mú kó ya.

Àwọn ìlà tó ṣàn wá sílẹ̀ ló ṣẹ́kù tí kò yé mi. Kò sí ìpara tó ń ṣàn bẹ́ẹ̀. Mo bi í bóyá omi gbígbóná dà sí i lẹ́sẹ̀ rí, ó ní rárá. Ìyá rẹ̀ ló dáhùn láti orí àga:

"Ṣebí o máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹsẹ̀."

"Màmi, ìyẹn kì í ṣe ìpara kẹ̀."

"Àlájà," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi."

Báyìí ló ṣe rí. Bí wọ́n bá tú ẹja sílẹ̀ tán láàárọ̀, òórùn ẹja a máa wà lára. Àwọn ẹlẹ́ja a gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, wọ́n á fi ra ọwọ́, àwọn mìíràn á fi ra ẹsẹ̀. Òun tún gbọ́ pé ọsàn wẹ́wẹ́ a máa bó àpá, nítorí náà ló ṣe ń fún un sórí orúnkún kó lè ṣàn bo gbogbo ojúgun. Kì í fi omi ṣàn án nù. Ìdí ìsọ̀ ló ń padà sí, oòrùn á sì máa pa á títí di ọ̀sán.

Ohun kan wà nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti èèpo rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní furocoumarin. Bó bá wà lára awọ, kò ṣe nǹkan kan. Bí oòrùn bá kàn án níbẹ̀, á jó awọ náà bí iná. Kì í ṣe lójú ẹsẹ̀: ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ kan kó tó pọ́n, á le jù ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, ara ẹlòmíràn á tilẹ̀ lé roro. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ojú ibi tí omi náà gbà ṣàn á wá dúdú. Nítorí pé ó pẹ́ kó tó hàn, kò sẹ́ni tó máa ń ro ọsàn sí i. Ẹni yìí a rí i tó dúdú, á ní àpá ń pọ̀ sí i, á tún fún ọsàn mìíràn sórí rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá rí nìyí: kòkòrò ló ń dá èyí tó rí róbótó sílẹ̀, ọsàn àti oòrùn ló ya àwọn ìlà, èyí tó wà lẹ́yìn orúnkún sì ni mo fura sí pé làpálàpá ni, tí sítẹ́rọ́ìdì ti pa ojú rẹ̀ dà. Ìpara kan ṣoṣo ló fẹ́ rà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọsàn ló rọrùn jù láti fi sílẹ̀. Mo ní kó máa lo ọṣẹ àti omi, bó bá sì di dandan kó fi ọsàn ra ọwọ́, kó fọ̀ ọ́ dáadáa kó tó bọ́ sóòrùn. Ike aláìlórúkọ yẹn ńkọ́? Mo ní kó má ṣe fi kan ara mọ́. Irú rẹ̀ lè ní mẹ́kúrì nínú, èyí tó ń ba kíndìnrín jẹ́, tí NAFDAC sì ti kà léèwọ̀ nínú ìpara. Lára ohun tí àdéhùn Minamata ti 2013, àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì, ń gbógun tì ni ìpara oní-mẹ́kúrì. Ó lè jẹ́ hydroquinone, oògùn tó ń bó àwọ̀ ara, ni wọ́n dà sí i ní ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Láti 1975 ni àwọn dókítà ní South Africa ti ṣàpèjúwe ohun tí hydroquinone tó pọ̀ tó sì pẹ́ lára máa ń fà: awọ á dúdú bí aró, á sì le, ọ̀nà àtidá a padà kò sì rọrùn rárá. Ìpara tí wọ́n rà kí ara lè mọ́ ló ń sọ ọ́ di dúdú bẹ́ẹ̀.

Túùbù ni ìṣòro. Mo kìlọ̀ fún un kó tó lọ: bó bá ti fi sílẹ̀, ara rẹ̀ á yún, á pọ́n, á dà bíi pé àìsàn náà ń le sí i. Mo fún un ní ìlànà bí á ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, mo sì kọ ìwé fún un kó lọ rí dókítà awọ ara ní Ìkẹjà. Inú rẹ̀ kò dùn. Láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkẹjà, owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ ọjà kan á sì lọ sí i. "Nítorí àpá lásán, Dókítà?" Kò lọ.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló padà wá pẹ̀lú ìbínú. Ẹ̀yìn orúnkún ti pọ́n kankan, ó ti gbòòrò dé itan, kò sì jẹ́ kó sùn. "Ohun tí ẹ ní kí n fi sílẹ̀ yẹn ló ń bá mi pa á mọ́ra." Òótọ́ ló sọ. Ohun tí sítẹ́rọ́ìdì ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń pa pípọ́n àti yíyún mọ́ra, nígbà tí làpálàpá ń jẹun lábẹ́ rẹ̀ láì sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Oògùn làpálàpá tó wà nínú túùbù náà kò sì lè borí rẹ̀, torí sítẹ́rọ́ìdì ti mú ohun tí ara fi ń jà kúrò níbẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà. Oníbàárà ń sunkún, túùbù wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ, bó bá sì fi pa á lónìí, á sùn lálẹ́ òní, á máa yìn ọ́ lọ́jà lọ́la.

Mo fi dígí kékeré hàn án. Ní báyìí tí túùbù ti kúrò lára rẹ̀, àmì náà ti ní etí: ó yí po, etí rẹ̀ ga, ó sì ní èépá wẹ́wẹ́, àárín rẹ̀ sì ń mọ́ díẹ̀. Làpálàpá tí gbogbo Yorùbá mọ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè é lórúkọ. Mo rò pé ohun tó rí nínú dígí yẹn ló gbé e dé Ìkẹjà ju ìwé tí mo kọ lọ.

Níbẹ̀, wọ́n ha awọ díẹ̀ láti etí rẹ̀, wọ́n fi sábẹ́ ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi, wọ́n rí i. Wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí làpálàpá tó bá gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ àtọ̀gbẹ ló wà nídìí rẹ̀. Ti òun dára. Dókítà fún un ní terbinafine oníhóró, oògùn làpálàpá, miligíráàmù 250 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4. Ó kìlọ̀ pé kí wọ́n máa fi omi gbígbóná fọ aṣọ inú àti táwẹ́lì, kí òun àti àbúrò rẹ̀ má sì jọ lo táwẹ́lì kan mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ 4 náà tó pé, ó ti ń sùn.

Ti kòkòrò ló gba wá lákòókò jù. Àwọn ọkọ̀ ẹja a máa gúnlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àkókò yẹn àti ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà bá rọlẹ̀ ni ẹ̀fọn àti amùkúrù máa ń jẹ ènìyàn jù. Ara àwọn kan kì í gba kòkòrò rárá; ibi tó jẹ wọ́n á wú, á máa yún fún ọjọ́ púpọ̀, wọ́n á máa họ ọ́ títí èépá á fi ṣí. Irú ara bẹ́ẹ̀ ló ní. A kọ́kọ́ gbìyànjú bàtà òjò tó dé orúnkún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń làágùn nínú rẹ̀, omi yìnyín ẹja ń dà sínú rẹ̀, àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rà. A fi bàtà sílẹ̀. Ohun tó wá ṣiṣẹ́ ni ṣòkòtò gígùn tí kò fún, tó ń wọ̀ sábẹ́ ìró, àti oògùn lílé kòkòrò oní-DEET tó ń fi pa ọrùn ẹsẹ̀ àti orí ẹsẹ̀ lásìkò méjèèjì yẹn. Ó ń lo cetirizine, oògùn ara yíyún, lálẹ́ nígbà tó bá ń yún un gan-an, ó gé èékánná, ó sì ju kànhìnkànhìn líle yẹn nù, torí fífi kànhìnkànhìn ha àpá kì í ha á kúrò, ṣe ló ń dá òmíràn sílẹ̀.

Mo máa ń fi fóònù rẹ̀ yàwòrán ojúgun náà lójú ọ̀nà ilé oògùn, lójú kan náà, láàárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa yàtọ̀. Àmì tuntun ni mò ń wò, kì í ṣe bí àtijọ́ ṣe ń rẹ́. Àfi ìgbà tí tuntun kò jáde mọ́ ni mo gbà kí a sọ̀rọ̀ ìpara tó ń dín dúdú kù. Bí èèyàn bá ń ná owó lórí àmì àtijọ́ nígbà tí kòkòrò ń dá tuntun sílẹ̀ lójoojúmọ́, inú oníbàárà kò ní dùn sí i láéláé, bí ìpara náà tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Azelaic acid ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni dókítà kọ fún un. Kò fún un ní hydroquinone, nítorí pé a kò mọ ohun tí ike yẹn ti ṣe sí awọ rẹ̀. Ó tún ní kó máa lo sunscreen, ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn. Kò fẹ́ràn rẹ̀: ó ń fún, ó ń tàn lẹ́sẹ̀ lójú gbogbo ọjà, òógùn sì ń wẹ̀ ẹ́ nù kí aago mẹ́wàá tó lù. N kò fagídí bá a. Ṣòkòtò tó ń wọ̀ nítorí kòkòrò ti ń bo ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ oòrùn, aṣọ tó nípọn sì sàn ju sunscreen tí èèyàn fi sílẹ̀ nínú báàgì.

Àwọn ìlà ọsàn ló kọ́kọ́ lọ, láàárín oṣù mélòó kan, láì jẹ́ pé a tilẹ̀ fi ìpara sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn róbótó ń ṣá díẹ̀díẹ̀. Títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, ó ti ju oṣù mẹ́jọ lọ, àwọn kan ṣì wà tó ń ṣe bí aró, mo sì ti sọ fún un pé ìyẹn lè wà níbẹ̀ pẹ́. Awọ ẹ̀yìn orúnkún tó ti ya kò ní padà sí bó ṣe wà. Ó bi mí léèrè òróró tí wọ́n ń polówó fún irú ìlà bẹ́ẹ̀, mo ní mo ní i lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n kó fi owó rẹ̀ ra nǹkan mìíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà oògùn bíi tèmi, ìbéèrè tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí kì í ṣe "kí lo fi ń pa ara?" mọ́. Mò ń ní kí wọ́n kó ọ̀rá wá. Mo sì ń bèèrè ohun tó ń kan ara lẹ́nu iṣẹ́, torí oníbàárà kì í ka ọsàn, epo mọ́tò, sìmẹ́ǹtì tàbí omi ata mọ́ ohun tó "ń lò". Bó bá ṣeé ṣe kí ìyá, ọ̀rẹ́ tàbí ọkọ tẹ̀ lé wọn wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó.

Ìyá yìí ló mú mi dé ibi tó kẹ́yìn. Nígbà tó rí i pé ti ọmọ ń rẹ́, ó fa ìró tirẹ̀ sókè díẹ̀. "Tèmi ńkọ́, Dókítà? Ẹ bá mi wá irú èyí tí ẹ fún un." Awọ tó yí kókósẹ̀ rẹ̀ po ti pọ́n bí erùpẹ̀, ó le, ó sì ń dán. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun, kòtò àtàǹpàkò náà sì wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ melanin nìkan. Ọjọ́ pípẹ́ lórí ìdúró ni. Iṣan tó yẹ kó dá ẹ̀jẹ̀ padà sókè ti rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jò jáde díẹ̀díẹ̀ sínú awọ, irin tó wà nínú rẹ̀ ló sì ń pa á láró bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi ìpara tó ń bó ara sí i, awọ tó ti ń wá ọ̀nà àtidi egbò ni a là sílẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà á fún un kí dókítà tó wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀ náà dáadáa, nítorí náà mo kọ ìwé fún un sí ọsibítù ìjọba. Kó tó dé ibẹ̀, mo ní, "Àlájà, ẹ bá wa ra àpótí kékeré kan, kí ẹ máa gbé ẹsẹ̀ lé e bí ẹ bá jókòó nídìí ìsọ̀." Ó béèrè iye tí à ń tà á. Mo ní a kì í tà á, káfíńtà ni kó lọ bá.